Ta Ni Yóò Kọ́ Olùdarí Ọ̀dọ́ Níṣẹ́ Orí Ayélujára?

Ní oṣù keje ọdún 2024, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, kéde pé òun ti pa nǹkan bí 63,000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà. Àkáǹtì àwọn tó máa ń tan èèyàn ni, títí onítọ̀hún yóò fi fi àwòrán ìhòòhò ara rẹ̀ ránṣẹ́, tí wọ́n á wá fi àwòrán náà halẹ̀ mọ́ ọn kó lè sanwó. Iye yìí ni àwọn ìwé ìròyìn gbé kiri. Ṣùgbọ́n iye mìíràn wà nínú ìkéde kan náà tó yẹ kó kó ìrònú bá wa jù ú lọ: Meta tún ti nǹkan bí 5,700 gúrúùpù Facebook pa, níbi tí àwọn oníjìbìtì ti ń kọ́ ara wọn níṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ kalẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ohun tí yóò sọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń pín àwòrán tí wọ́n á fi ṣí àkáǹtì ayédèrú. Ẹni tó mọ̀ ń fi han ẹni tí kò mọ̀, lórí fóònù tó wà lọ́wọ́ oníkálukú wọn, láìsí kíláàsì, láìsí ìwé ẹ̀rí. Bí iṣẹ́ ibi bá ní ilé ẹ̀kọ́ tó já fáfá báyìí, ó yẹ ká béèrè ibi tí àwọn tó ń tọ́ ọ̀dọ́ sọ́nà ti ń kọ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ ká mú Àpáta ní Ìbàdàn wò. Ẹ̀bá títì tó lọ sí Abẹ́òkúta ni àdúgbò náà tẹ́ sí, láti ìtòsí Moor Plantation títí kọjá ibùdó epo NNPC, apá kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn, apá kan lábẹ́ ti Ìdó. Ọmọ iléèwé pọ̀ níbẹ̀, ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB pọ̀, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, télọ̀ àti onídìrí náà pọ̀. Àwọn àgbà tó dúró tì wọ́n kò sì wọ́n: olùdarí ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ámíìrì ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí MSSN, ọ̀gá Boys' Brigade, kóòṣì bọ́ọ̀lù, ìyá ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin, ọ̀gá ìdí iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò kẹ́kọ̀ọ́ rárá. Boys' Brigade ti wà ní Nàìjíríà láti 1908, Scout láti 1915, Girl Guides láti 1919, MSSN láti 1954, kò sì sí èyí tí kò ní ìlànà tó fi ń tọ́ àwọn olórí rẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìlànà wọ̀nyẹn ló gbà pé ọmọ ń bẹ níwájú ẹni, pé èèyàn yóò rí ojú rẹ̀ tó bá fàro, yóò sì mọ̀ tí kò bá wá. Nísinsìnyí, ìpàdé Sátidé á túká ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ kan náà á sì máa lọ títí di òru. Iṣẹ́ ọ̀dọ́ orí ayélujára ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa láìdúró gba àṣẹ ẹnikẹ́ni, ọwọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ló sì wà.

Bí a bá ti ní ká kọ́ wọn, ohun tó kọ́kọ́ ń sọ síni lọ́kàn ni kọ̀ǹpútà. A ó kó wọn sí gbọ̀ngàn kan fún ọjọ́ méjì, a ó fi Word àti Canva hàn wọ́n, a ó pín sátífíkéètì, a ó ya fọ́tò, ó tán. Èmi ò rò pé ìyẹn lè ṣe wọ́n lóore tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùdarí ọ̀dọ́ ṣaláìní ni òye ohun tí ó yẹ kó ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ dán wò nígbà tí ọ̀ràn bá yọjú láti inú fóònù. Irú òye bẹ́ẹ̀ kì í wọlé síni lára nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì. Ẹnu iṣẹ́ la ti ń kọ́ ọ, lórí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ gan-an, láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa náà bá a bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, níbi tí iṣẹ́ ọ̀dọ́ ti jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù yàn gbé ìwé jáde ní 2018 lórí iṣẹ́ ọ̀dọ́ orí ayélujára. Wọn kò kà á sí ẹ̀ka tó dá dúró. Wọ́n ní ohunkóhun tí olùdarí bá ti ń ṣe pẹ̀lú ọ̀dọ́, yálà lójúkojú tàbí lórí ẹ̀rọ, ló lè ní ayélujára nínú, àti pé ìlànà àti ìwà ọmọlúwàbí tó ń darí iṣẹ́ ọ̀dọ́ látayébáyé náà ni yóò máa darí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Finland tilẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀, Verke, láti máa kọ́ àwọn olùdarí ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rí kan sì wà nílé tó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Láti 2007 tí Gbenga Sesan ti dá àjọ Paradigm Initiative sílẹ̀, tí wọ́n sì lọ ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, ètò tí wọ́n pè ní LIFE dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin: ọgbọ́n ìgbé ayé, ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìṣọ́wóná, àti bí èèyàn ṣe ń dá òwò sílẹ̀. Ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Àwọn tó mọ Ajégúnlẹ̀ dénú mọ̀ pé fífún ọmọ ní kọ̀ǹpútà láìfún un ní èèyàn tí yóò bá a sọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí fífi í sílẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ni òye yìí wá jẹ́ tí a bá fà á wálẹ̀? Ẹ wo gúrúùpù WhatsApp ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan tó ní ọgọ́ta ọmọ. Lọ́jọ́ tí olùdarí bá ti fà wọ́n wọ inú rẹ̀, ó ti fi nọ́ńbà ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá han èèyàn mọ́kàndínlọ́gọ́ta láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé WhatsApp ní ètò Community, níbi tí ìkéde yóò ti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn tí wọn kò ní rí nọ́ńbà ara wọn. Yóò mọ̀ pé WhatsApp fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá máa dá lò ó, nítorí náà orí fóònù òbí ni iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti àwọn kéékèèké yóò máa gbà. Kò ní dá ṣe ádímìn: àgbà méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ni yóò jọ máa mójú tó o. Bí ọmọ kan bá kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ lóru pé nǹkan ń dùn òun, yóò dá a lóhùn, nítorí pé ọmọ tó bá kígbe lóru tí kò rí ẹni dáhùn lè má kígbe mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò jẹ́ kí ádímìn kejì mọ̀ pé irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ wáyé, kó má baà di pé àgbà àti ọmọdé ní ọ̀rọ̀ bòńkẹ́lẹ́ tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Fọ́tò ìpàgọ́ tí ó sì ń wù ú láti gbé sórí Facebook, yóò kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda òbí. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 béèrè bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2006. Nínú gbogbo èyí, títẹ bọ́tìnì ló rọrùn jù. Ẹni tó lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè kọ́ ọ láàárín wákàtí kan. Ohun tó ṣòro ni mímọ ìdí tí a fi ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀ràn tó le jù lọ ni irú èyí tí ìkéde Meta tú síta. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọdún mẹ́tàdínlógún kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láàárín wákàtí mélòó kan tí àwọn kan fi àwòrán rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, láti Èkó. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé ẹjọ́ sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹni tó kú, ọ̀dọ́ ni. Àwọn tó halẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀dọ́ ni. Èyí túmọ̀ sí pé olùdarí ọ̀dọ́ ní Àpáta lè ní ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ àti ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń halẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo.

Bí irú rẹ̀ bá dé, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà yóò ṣe ní wéré ló máa ń burú jù. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí bá ọmọ wí: "Kí ló kó ẹ sírú ìyẹn?" Ìtìjú sì ni ohun ìjà tí oníjìbìtì ń lò, ẹni tó bá fi ìtìjú kún ìtìjú ti bá a ṣiṣẹ́. Yóò ní kí ọmọ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sóun kóun lè rí i, kò sì mọ̀ pé lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015, ẹni tó bá tọ́jú àwòrán ìhòòhò ọmọdé sínú fóònù rẹ̀ lè ti ṣẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ire ló ní lọ́kàn. Yóò ní kí wọ́n tètè pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ẹ̀rí á sì bá a lọ. Tàbí kó dá owó jọ kí wọ́n san án, kí oníjìbìtì lè mọ̀ pé ibẹ̀ lówó. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ yóò gba ọ̀nà mìíràn. Gbólóhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé, "O ṣeun tí o sọ fún mi, ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ kó sí i, a ó jọ yanjú ẹ̀." Wọn kò ní san kọ́bọ̀. Wọn yóò ya àwòrán ojú fóònù: orúkọ àkáǹtì náà, nọ́ńbà rẹ̀, àkáǹtì báńkì tó ní kí wọ́n sanwó sí, ọjọ́ àti aago. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò fẹjọ́ àkáǹtì náà sùn lórí app, kí wọ́n tó dí i. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méjìdínlógún, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ṣí ní 2023, Take It Down: yóò sọ àwòrán náà di àmì kan lórí fóònù ọmọ fúnra rẹ̀, àmì yẹn nìkan ni yóò sì fi ránṣẹ́ sí Facebook, Instagram, TikTok àti àwọn mìíràn tó wà nínú ètò náà kí wọ́n lè mọ àwòrán ọ̀hún tó bá yọjú. Kò lè dá ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp dúró, olùdarí sì gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ọmọ kó má baà fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lásán. Òbí yóò gbọ́, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ yóò gbọ́, ọmọ náà kò sì ní dá sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Kò sí ẹni tí yóò rántí gbogbo èyí lọ́jọ́ ìṣòro tó bá jẹ́ pé inú ìwé ló ti kà á. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtumọ̀ aṣọ. Etí ẹ̀rọ ni yóò jókòó sí, yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá, yóò ba aṣọ jẹ́, wọn yóò tú u, yóò tún un rán. Kí èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá láti ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, iléèwé àti pápá bọ́ọ̀lù Àpáta máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹnì kan gbé ọ̀ràn kan tó ṣẹlẹ̀ kalẹ̀, láìdárúkọ ọmọ, kí àwọn yòókù sọ ohun tí wọn ì bá ṣe, kí wọ́n fi fóònù ọwọ́ wọn dán an wò lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sínú ìwé àjọlò kan. Lẹ́yìn ọdún kan wọn yóò ní ìwé ìlànà tó bá Àpáta mu ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ ránṣẹ́ láti Àbújá. Nígbà tí ọ̀ràn bá kọjá agbára wọn, wọn yóò pe ẹni tó mọ̀ ọ́n: agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àgbà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Bí àwọn oníjìbìtì ṣe ń kọ́ ara wọn nínú gúrúùpù wọ̀nyẹn náà nìyí, àyàfi pé ìdí tí a fi ń ṣe é ni ó yàtọ̀.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣé ọmọ tó mọ fóònù ju olùdarí lọ ni olùdarí yóò máa kọ́?" Òótọ́ ni pé ọmọ yóò tètè rí bọ́tìnì ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Kò sì sí ohun tó burú kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wá sí ìpàdé wọn láti fi bí TikTok ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó mọ bí a ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ lè má mọ ohun tí ẹni tó ń béèrè àwòrán ń wá. Àgbà ti rí ẹlẹ́tàn lójúkojú, ó mọ ohùn rẹ̀. Ohun tí ẹ̀kọ́ yóò ṣe ni kó jẹ́ kí ó dá ohùn kan náà mọ̀ nígbà tó bá gba ojú fóònù wá.

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ ìlú olówó ni gbogbo èyí, pé níbi tí iná kì í ti dúró, tí àjọ NCC tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí owó ìpè àti dátà gun òkè dé ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ta ni yóò rí owó fi ṣe é? Àríwísí yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ kó yí bí a ṣe ń ṣe é padà. Kò ní sí ìpàdé fídíò tó ń jẹ dátà. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni wọn yóò máa lò, ìkéde kan lọ́sẹ̀ dípò ogún lójúmọ́, àti ìpè lásán fún ọmọ tí fóònù rẹ̀ kò mọ ayélujára. Nígbà tí UNICEF gbé U-Report wá sí Nàìjíríà ní 2014, tẹ́ẹ̀sì lásán ni wọ́n fi ń béèrè èrò àwọn ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n, ọmọ tó ní fóònù kékeré oníbọ́tìnì sì lè dáhùn lọ́fẹ̀ẹ́. Owó kì í ṣe ohun tó ń jẹ́ kí gúrúùpù ọgọ́ta ọmọ wà láìsí ádímìn kejì.

Àwọn kan á wá sọ pé kí a kúkú gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí àlàáfíà jọba. Mo mọ ìbẹ̀rù tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tí kì í gbọ́ bí àjọ EFCC ṣe ń kó àwọn ọmọ Yahoo, àwọn oníjìbìtì orí ayélujára. Ṣùgbọ́n láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò UTME sórí kọ̀ǹpútà. Orí ayélujára ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún iléèwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá iṣẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS lòdì sí ìwà ìkà ọlọ́pàá, orí fóònù làwọn ọ̀dọ́ ti dá owó jọ, tí wọ́n ti wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, tí wọ́n ti ṣètò oúnjẹ àti ìtọ́jú fún ara wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣèlú nìyẹn. Ọmọ tí a lé kúrò níbẹ̀ yóò padà síbẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo tí yóò sì yí padà ni pé kò ní sọ fún wa tí nǹkan bá ṣe é.

Ìyókù ni ti ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, tí Bosun Tijani jẹ́ mínísítà rẹ̀ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ètò tó dára ni, àwọn ọ̀dọ́ tí yóò sọ ọ́ di oúnjẹ ló sì wà fún. Èmi ò tíì rí irú rẹ̀ fún ẹni tí ọ̀dọ́ yóò sáré bá nígbà tí ìmọ̀ ẹ̀rọ kan náà bá ṣe é léṣe. Ìjọba ìbílẹ̀ kò nílò owó ńlá láti tún èyí ṣe: yàrá kan tó níná lẹ́ẹ̀kan lóṣù, owó ọkọ̀ fún àwọn tó fi ara wọn jìn, àti nọ́ńbà ọlọ́pàá kan tí wọn yóò gbé ìpè wọn. Àwọn ìjọ àti ẹgbẹ́ tó ní ọ̀dọ́ lábẹ́ wọn kò sì gbọdọ̀ dúró dè é, nítorí pé orúkọ tiwọn ló wà lórí gúrúùpù WhatsApp tí ọmọ náà wà nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ náà yọrí sí rere, kí wọ́n má ka sátífíkéètì. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ olùdarí kọ̀ọ̀kan iye ọmọ tó wá sọ fún un lọ́dún yìí pé ẹnì kan ń yọ òun lẹ́nu lórí fóònù, kí wọ́n sì béèrè bóyá ọmọ náà kọ́kọ́ sanwó kó tó wá, tàbí ó kọ́kọ́ wá. Níbi tí ọmọ bá ti ń wá kó tó sanwó, ẹ̀kọ́ ti wọlé níbẹ̀. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá sì wá rárá, kí wọ́n má ṣe tètè dúpẹ́ pé kò sí ìṣòro.